Hajarat àti Iná Tí Kò Lọ

Èmi Fàlílù ni mo ń sọ ìtàn yìí, ẹ má sì retí pé n óò fi ara mi ṣe èèyàn rere nínú rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ni Hajarat Ọláníyan, ọmọ Ìkìrun, tó ń gbé Ilo-Awela pẹ̀lú Bàrákàt, ọmọ rẹ̀. A jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní iléeṣẹ́ kan tó wà lẹ́bàá títì Ìdíròkò, kí èèyàn tó dé Àtàn-Ọ̀tà. Bí ẹ bá fún un ní nǹkan lónìí, ọwọ́ òsì ni yóò nà sí yín. Yóò sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé, ó mọ̀ pé a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó juni lọ. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló máa ń bí mi nínú jù. Kì í ṣe òun ló yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe ni pé a ń pa kòkòrò àrùn tó wà lára abẹ́rẹ́, ìbọ̀wọ́ àti òwú tí àwọn dókítà ń lò. A kì í sè wọ́n, a kì í fi oògùn fọ̀ wọ́n. A ó kó wọn sínú páálí, páálí á gun bẹ́líìtì, bẹ́líìtì á gbé e wọ inú yàrá kan tí ògiri rẹ̀ nípọn ju bí ọkùnrin ṣe ga lọ. Nínú yàrá náà ni ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ láti òkè. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí ni nǹkan tíńtìntín tó ń gbé iná mànàmáná rìn nínú wáyà. Ẹ̀rọ wa á kó wọn jáde kúrò nínú wáyà, á lé wọn ní eré tí ojú kò lè bá, á sì rọ̀ wọ́n lu páálí. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á kú. Kò sí ariwo, kò sí ọwọ́ iná, o ò ní rí nǹkan kan. Ta ló máa wá máa pe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Iná ni gbogbo wa ń pè é. Iná ti wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ dín iná kù. Ẹ fi iná kún un.

Iná yìí kò gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ni wọ́n fi bo ẹnu ẹ̀rọ náà. Iná á gba ara rẹ̀ kọjá, á máa lọ sápá ọ̀tún, á máa bọ̀ sápá òsì, bí ẹni ń gbálẹ̀. Bó bá dúró níbì kan, irin náà á gbóná, á lu. Bí a bá sì fi agbára kún un ju bó ṣe yẹ lọ, etí iná á máa lu ara ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀; ojú irin á gbóná, á tú èémí jáde, èémí yẹn á dàrú mọ́ iná, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó wá di ọ̀rọ̀ adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí iná bá ń mì, ibì kan lára páálí á jóná, ibòmíràn kò ní rí nǹkan kan gbà, kòkòrò á sì jókòó síbẹ̀ digbí láti bá abẹ́rẹ́ wọ ara ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni ọ̀pọ́rétọ̀. Nínú yàrá mi lẹ́yìn ògiri ni mo máa ń jókòó sí, tí n óò máa wo aago tó ń wọn iná àti jígí tó ń gbé inú yàrá ẹ̀rọ hàn mí bíi tẹlifíṣọ̀n, kí iná má bàa mì. Mo lọ sí ilé ìwé gíga nítorí rẹ̀, mo ní ìwé ẹ̀rí tí mo fi kọ́ sára ògiri.

Iṣẹ́ Hajarat ni kó máa wo bébà. A máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ ara páálí kọ̀ọ̀kan. Bébà náà á wọlé ní àwọ̀ òféèfé, á jáde ní pupa. Bí iná bá ṣe lù ú tó ni yóò ṣe pọ́n tó. Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kó máa ka pupa yẹn fún wa, ṣùgbọ́n ojú Hajarat yá ju ẹ̀rọ lọ. Irun ló ń dì ní Toll Gate kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ẹni tó bá ti lè pín orí ọmọdé tó ń sunkún sí ogún ìlà láìṣì, bébà kò lè tàn án jẹ.

Yóò kàn yọ orí sí yàrá mi. "Bọ̀ọ̀dá Fàlílù, iná yín ń yà sọ́wọ́ òsì o."

Màá wo aago mi. Aago á ní kò sí nǹkan kan. Màá ní kó lọ dirun rẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ti sọ. Nígbà kan, ọ̀gá wa sọ ọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé bí òun bá ní Hajarat méjì, òun kò nílò ọ̀pọ́rétọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé inú mi kò mọ́ sí i tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá wa yìí ni Ẹnjiníà Ephraim Ògúndèjì, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí a kò fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwa Mùsùlùmí lè dúró síta, kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Hajarat máa ń dúró síta. Èmi máa ń wọlé, n óò pàtẹ́wọ́, n óò pariwo halelúyà ju àwọn tó ni ín lọ, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀gá máa rí mi.

Ní ọdún tó kọjá, ó fẹ́ kí iṣẹ́ yá, ó ní kí a fi iná kún iná. Láti ọjọ́ yẹn ni ìsinmi ti tán. Nẹ́pà tún wá bà á jẹ́: bí wọ́n bá fún wa ní iná tó pọ̀ jù, ẹ̀rọ á gbọ̀n, bí wọ́n bá fún wa ní èyí tó kéré, á tún gbọ̀n. Bí tírélà bá ń kọjá lójú títì, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ á mì, súìṣì ara rẹ̀ á rò pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, á sì pa ẹ̀rọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ yẹn máa fi ń gbóná kí iná rẹ̀ tó tún dúró ṣinṣin. Ọ̀gá ní kí n wá nǹkan ṣe sí súìṣì ilẹ̀kùn. Mo fi wáyà so ó, kó máa rò pé ilẹ̀kùn wà ní títì títí ayé.

Ti Nẹ́pà ṣòro ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá já ẹ̀rọ kúrò lórí Nẹ́pà, ó gbé e lé jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ nìkan o. Ó ní bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó gbé ìyókù lé e. Bẹ́líìtì, fáànù, jígí tí mo fi ń wo inú yàrá, àti gílóòbù pupa orí ilẹ̀kùn tó máa ń sọ fún èèyàn pé iná wà lórí ẹ̀rọ, gbogbo wọn ṣì wà lórí Nẹ́pà. Inú àdúrà àárọ̀ ló ti kéde rẹ̀, lẹ́yìn orin, lẹ́yìn ìkéde ìgbéyàwó ẹnì kan. Àwọn tó wà níta kò gbọ́. Hajarat bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo ní ìgbéyàwó ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Nẹ́pà mú iná lọ. Fáànù orí mi dúró, jígí ṣókùnkùn, bẹ́líìtì dákẹ́. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa ti ń ṣe láti ìgbà tí a ti gbọ́njú ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo lọgun.

"Iná ti lọ o!"

Òfin tuntun tó bá jẹnẹrétọ̀ wá ni pé, bí Nẹ́pà bá ti mú iná lọ, kí n fọwọ́ ara mi pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ òmíràn sí mi létí: kí n mú sùúrù fún ìṣẹ́jú kan ná, bóyá Nẹ́pà á dá a padà, kí a má bàa pàdánù ogójì ìṣẹ́jú. Mo mú sùúrù. Mo ń kà á lẹ́nu: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí mo ka ogún, òórùn páálí tó ń jóná wọ imú mi. Páálí kan ti dúró sábẹ́ iná, kò rìn mọ́. Mo ń kà á lọ.

Hajarat náà gbọ́ òórùn náà. Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ ló wà. Ó ti gbọ́ mi pé iná ti lọ. Ó wo gílóòbù pupa, gílóòbù kò tàn. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, bí iná bá ti lọ, gbogbo rẹ̀ náà ló lọ. Òun ló sì máa ń sáré wọlé yọ páálí tó bá há kí iná tó padà dé. Ó ṣílẹ̀kùn. Súìṣì tó yẹ kó pa ẹ̀rọ fún un, mo ti so ó.

Mo ti ka àádọ́ta nígbà tí Nẹ́pà dá iná padà. Jígí mi mọ́lẹ̀, mo sì rí i nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó ń fa páálí. Mo gbá ẹ̀rọ pa. Mi ò mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti pẹ́ tó níbẹ̀. Kò lè ju bí èèyàn ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Ó jáde, ó gbá páálí náà mọ́ àyà.

"Ìyá Bàrákàt, kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Páálí ló fẹ́ gbiná, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin ò gbọ́ òórùn ẹ̀ ni?"

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

Ó la ọwọ́, ó pa á dé, ó tún là á. "Ó kàn ń ta mí díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lára èèyàn." Ó wá wò mí lójú. "Ṣé iná wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí mo wọlé ni?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo gbé tèmi kúrò.

"Iná ti lọ," mo ní. "O ò gbọ́ mi ni?"

Kì í ṣe irọ́. Gbogbo ará Ọ̀tà ló lè jẹ́rìí sí i pé iná lọ ní aago mọ́kànlá ọjọ́ yẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá. Kò bi mí bí ọwọ́ ṣe rí.

"Ta ló rí i?"

"Èmi nìkan ni, ọ̀gá."

"Ta ló so wáyà mọ́ súìṣì ilẹ̀kùn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n so ó, sà."

"Mi ò bi ọ́ pé ta ló ní kí o so ó. Ta ló so ó?"

Ó ní bí àwọn ará ìjọba tó ń ṣọ́ irú ẹ̀rọ yìí bá gbọ́, wọ́n á ti ilé náà pa, ọgọ́ta èèyàn á padà sílé, èmi sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Ó ní bí ọwọ́ yẹn bá dá nǹkan sílẹ̀, kí a sọ pé omi gbígbóná ni. Ó ní kí a fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹrù tó bá ti wúwo jù fún àwọn ọ̀gá, Ọlọ́run ni wọ́n máa ń gbé e rù.

Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ Hajarat pọ́n. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó wú, awọ rẹ̀ lé roro. Irú iná yìí kì í kánjú. Inú ẹran ló ti máa ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kó tó yọjú síta. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo kà á nínú ìwé. Mo lọ kí i nílé ní Ilo-Awela, mo ra ọsàn dání. Bàrákàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Mo sọ fún un pé irin gbígbóná abẹ́ ẹ̀rọ ló jó o. Mo ní bó bá dé ọsibítù tó bá dárúkọ iléeṣẹ́, wọ́n á ní kó lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Kó ṣáà sọ pé omi gbígbóná ni.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Mi ò bá ti lọ kó sí wàhálà."

Omi gbígbóná ló sọ. Oògùn omi gbígbóná ni wọ́n fún un. Ọwọ́ náà ń burú sí i. Kò lè sùn, ó máa ń ki ọwọ́ bọ inú abọ́ omi tútù, ó máa ń jẹ etí ìborùn rẹ̀ kí Bàrákàt má bàa gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé mo gbìyànjú.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó yí ọwọ́ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun jáde.

"Omi gbígbóná kì í ṣe báyìí," ó ní. "Ọjọ́ kejìlá rèé, ó yẹ kó ti máa jinná, ó wá ń kú lọ sí ìsàlẹ̀. Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń dirun ni, dókítà."

"Ẹ gbọ́, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá mọ ohun tó jó o, mo mọ ibi tí màá gbé e lọ lónìí olónìí. Àwọn kan wà tó mọ irú ọgbẹ́ báyìí tọ́jú. A lè má rí gbogbo rẹ̀ gbà là, ṣùgbọ́n a lè rí ìka díẹ̀. Bí mi ò bá mọ̀, gígé náà ló kù. Kí ló jó o?"

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Ìka díẹ̀ ló ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bi mí. Mo rí i lójú inú mi pé àwọn kan ń gbé mi lọ, mo rí ìwé ẹ̀rí mi lára ògiri, mo tún rí Hajarat tó yọ orí sí yàrá mi tó ní iná mi ń yà. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo rántí ìyẹn náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Omi gbígbóná ni, dókítà," mo ní.

Ìka mẹ́rin ni wọ́n gé. Wọ́n fi àtàǹpàkò sílẹ̀ fún un.

Dókítà yẹn kò gbà mí gbọ́. Ó wádìí ibi tí Hajarat ti ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ìwé rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n máa kọ̀wé sí wa pé àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, egbò ti san. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú yẹn, èmi àti Ẹnjiníà Ògúndèjì wọ mọ́tò lọ sí Ilo-Awela. Ọ̀gá gbé àpò ìrẹsì kan àti òróró dání. Ó jókòó sórí àga tó dára jù nínú ilé náà, ó fa ìwé kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ewé kan péré.

Hajarat ka ìwé mẹ́fà ní Ìkìrun, ó mọ nọ́ńbà, ó mọ àwọ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó tó gùn tó yẹn kò yé e. Kò gbé ìwé náà fún ọ̀gá. Èmi ló gbé e fún.

"Bọ̀ọ̀dá Fàlílù, ẹ bá mi kà á. Ohun tí ẹ bá ní ó wà níbẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi, Hajarat Ọláníyan, ni mo fi ọwọ́ ara mi so wáyà mọ́ súìṣì ilẹ̀kùn. Pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n má wọlé. Pé ọ̀pọ́rétọ̀ pariwo pé iná wà lórí ẹ̀rọ, mo sì fi agídí wọlé. Ibi tí wọ́n ti pe orúkọ èmi Fàlílù gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí wà nísàlẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i láti àárọ̀.

Mo gbé ìwé náà sókè. Mo ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á fún un ní Yorùbá, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Wọ́n ní òṣìṣẹ́ dáadáa ni ẹ́. Wọ́n ní àgbákò ni, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n ní o gbìyànjú láti má jẹ́ kí ilé jóná. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ò ní gbàgbé rẹ."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti ní òun kò jẹ́ kí ilé jóná kà, kí Bàrákàt gbọ́. Mo tún un kà. Mo tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un.

Ọ̀gá ṣí ìdérí íńkì. Hajarat tú aṣọ tó fi ń wé ọwọ́ náà, ó ti àtàǹpàkò bọ inú íńkì, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí mo fi hàn án. Ó fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú mi, mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní òun ní ẹbí ní Ìkìrun, òun ní ará ilé ní Ilo-Awela, kò sí ẹni tó ṣe bíi tèmi nínú wọn. Ó gbàdúrà fún mi.

"Bí ẹ ṣe dúró tì mí yìí, Bọ̀ọ̀dá Fàlílù, ọjọ́ tí ẹ̀yin náà bá wà nínú ìṣòro, irú yín gẹ́lẹ́ ni kí Ọlọ́run rán sí yín. Irú yín gẹ́lẹ́ ni kó dúró ti àwọn ọmọ yín."

Ó ń wò mí, ó ń dúró kí n dáhùn. Mo ṣe àmín. Ọ̀gá náà ṣe àmín, tirẹ̀ tilẹ̀ ròkè ju tèmi lọ.